Bí A Ṣe Ń Gun Kilimanjaro Lóru Láti Rí Yíyọ Oòrùn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Yóò Gbéra láti Òṣogbo

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ní Tanzania, nígbà tí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ṣì ni ní Òṣogbo, oòrùn máa ń yọ lẹ́yìn Mawenzi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì kan àwọn tí wọ́n ti fi gbogbo òru gun Kibo, èyí tí ó ga jù nínú àwọn orí mẹ́ta tí òkè Kilimanjaro ní; Mawenzi àti Shira ni méjì yòókù. Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ó dá a lójú ju ohun gbogbo lọ: ìrìn òru náà kì í sábà ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá ènìyàn yóò dé òkè tàbí kò ní dé. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀ lè dín owó kù níbi tí ó bá wù ú, àfi nínú iye ọjọ́ tí yóò lò lórí òkè.

Irú òkè tí ó jẹ́

Òkè ayọnáyèéfín ni Kilimanjaro. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń tú àpáta yíyọ́ àti eérú síta léraléra, tí ìwọ̀nyí sì ń gbára jọ lórí ara wọn, títí ó fi ga tó mítà 5,895, tí kò fi sí òkè mìíràn ní Áfíríkà tí ó ga tó o. Iná Shira àti ti Mawenzi ti kú pátápátá. Ti Kibo ń sùn ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń rùn bí imí ọjọ́ ṣì máa ń rú jáde láti inú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé ó tú iná jáde láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe iná, nígbà náà, ni ó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù.

Àwọn òkè tí a mọ̀ nílẹ̀ wa, bí Ìdànrè àti Olósùnta, òkúta líle ni wọ́n, bí wọ́n bá sì gbẹ, ẹsẹ̀ kì í tètè yẹ̀ lórí wọn. Ti Kibo kò rí bẹ́ẹ̀. Eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ó bo ojú ọ̀nà tí ó kẹ́yìn, tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ náà a tún fà sẹ́yìn díẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí a fi ń gùn ún lóru, nítorí òtútù máa ń mú kí eérú náà dì, kí ó sì le lábẹ́ bàtà, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti mú, á tún tú, á sì máa yọ̀. Ìdí mìíràn ni pé ojú ọ̀run sábà máa ń mọ́ lóru àti ní ìdájí, kí àwọ̀sánmà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá bí ọ̀sán bá ṣe ń sún mọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé ẹni tí ó bá dé òkè láàárọ̀ ṣì ní gbogbo ọ̀sán láti fi sọ̀ kalẹ̀ padà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti tó láti mí, kí ilẹ̀ tó tún ṣú.

Ẹ̀jẹ̀ yín ṣáájú owó yín

Kì í ṣe àìlágbára ẹsẹ̀ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lórí òkè yìí. Àìtó afẹ́fẹ́ ni. Lórí Kibo, ìwọ̀n ọ́síjìn tí ènìyàn ń rí fà símú kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí ó wà létí òkun lọ. Òṣogbo kò fi púpọ̀ ju mítà 300 ga sí ojú òkun. Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tí ó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, kò kọjá mítà 2,419. Kò sí ibì kankan nílẹ̀ wa, nígbà náà, tí a ti lè lọ kọ́ ara wa ní mímí afẹ́fẹ́ irú ibẹ̀. Orí Kilimanjaro fúnra rẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.

Nítorí èyí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ jẹnótáìpù yín, bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó ni kì í mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa, níbi tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, a kò gbọdọ̀ fò ó. Ẹni tí ó jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ gun òkè yìí rárá, torí àìtó ọ́síjìn gan-an ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, kí ó sì dí ojú iṣan. Ẹni tí ó jẹ́ AS, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le koko nílé, tí kò sì ṣàìsàn kankan rí, ní láti lọ bá dókítà jókòó kí ó tó pinnu, nítorí a ti rí lára àwọn AS tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì mọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi gíga, tí ìrora ńlá sì dé bá wọn níbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, kí ó sọ jẹnótáìpù rẹ̀ fún afinimọ̀nà láti ọjọ́ kìíní, bí ìrora bá sì mú un lábẹ́ ìhà òsì, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe rò pé inú rírun lásán ni.

Aláboyún, ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tún ní láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti béèrè nípa oògùn acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox, èyí tí ó máa ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè bá ibi gíga mu. Ó máa ń mú ìtọ̀ pọ̀, ó sì lè mú kí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ máa yún. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba oògùn ẹ̀yà sulfa kò sì gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ dókítà. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín níwájú ilé ìtajà oògùn kí ẹ wá kọ́kọ́ gbé e mì lórí òkè. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ṣe pàtàkì: ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà lọ sí Tanzania ní láti mú yẹ́lò káàdì lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ náà ni káàdì ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ mélòó, ọ̀nà wo

Òfin ọgbà ìtọ́jú àdáyébá Kilimanjaro kò gbà kí ẹnikẹ́ni gun òkè náà láìní afinimọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ, nítorí náà iléeṣẹ́ arìnrìn-àjò kan ní Moshi tàbí Arusha ni ẹ ó bá dúnàádúrà. Ọ̀nà tí ó kúrú jù tí wọ́n sábà máa ń tà ni ti Marangu, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lè fi ṣe é ní àlọ àti àbọ̀. Òun nìkan ni ó ní ilé pákó tí a lè sùn sí. Ní àwọn ọ̀nà yòókù, inú àgọ́ ni a ń sùn. Owó rẹ̀ sábà máa ń dínkù, òun sì ni mo ń kìlọ̀ pé kí ẹ má ṣe yàn ní ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà Machame fún ọjọ́ méje, tàbí Lemosho fún ọjọ́ mẹ́jọ, ti fún ara rẹ̀ ní àǹfààní tí kò sí oògùn tí ó lè fún un.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ara bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀, ó máa ń kọ́ láti mí jinlẹ̀, kíndìnrín a sì máa tún omi ara ṣe láti bá mímí náà mu, lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà. Kò sí èyí tí a lè fi ipá mú yára nínú wọn. Ohun tí ó ń ràn án lọ́wọ́ jù ni pé kí a gòkè lọ́sàn-án, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ wá sùn. Lórí ọ̀nà Machame àti Lemosho, ọjọ́ kan wà tí a máa ń gòkè dé Lava Tower, ní mítà 4,630, tí a ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní àfonífojì Barranco, tí kò tó mítà 4,000. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń kùn lọ́jọ́ náà pé wọ́n kàn ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ lásán. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó ń tún òru ìkẹyìn ṣe.

Oṣù kìíní títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, ni ọ̀dá sábà máa ń wà níbẹ̀. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, òjò kékeré sì ń padà wá ní oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ ka ọjọ́ yín kí òru ìkẹyìn bọ́ sí ìgbà tí òṣùpá bá ń pé, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí ibi tí ó ń lọ, ọkàn a sì balẹ̀ ju ìgbà tí gbogbo ayé bá ṣú lọ. Kí àwọn mùsùlùmí yẹra fún oṣù Ramadan, torí omi mímu kò ṣeé fi du ara lórí òkè yìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iléeṣẹ́ kankan, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbé ìgò ọ́síjìn lọ́wọ́ àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ìka láti mọ iye ọ́síjìn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àti iye afinimọ̀nà tí yóò bá yín gòkè ní òru ìkẹyìn, nítorí bí ẹnìkan bá ní láti padà, afinimọ̀nà kan ní láti bá a padà láìdá ìrìn àwọn yòókù dúró. Ẹ béèrè pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn aláàárù: ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ, wọ́n sì ní láti jẹun, kí wọ́n ní aṣọ òtútù, kí wọ́n sì gba owó wọn pé. Iléeṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá kéré jọjọ sí ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ara àwọn aláàárù ni ó ti sábà máa ń yọ ọ́.

Ìgbáradì nílé

Ó kéré tán, ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta. Ẹ máa rìn fún wákàtí kan sí méjì ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa gun àtẹ̀gùn, nítorí gígòkè ni a ń múra fún, kì í ṣe eré sísá. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ní àárín ìlú tó fún èyí, bí ẹ bá ń gùn ún lọ tí ẹ ń sọ̀ ọ́ bọ̀ pẹ̀lú àpò tí ó tó kílò márùn-ún lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá tó oṣù kejì, ẹ máa lọ sí ìsun omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ gòkè títí dé ìpele keje, kí ẹ sì máa kíyè sí bí orúnkún yín ṣe rí ní àbọ̀ ju bí ó ṣe rí ní àlọ lọ. Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, yẹ kí ẹ lọ ní ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ léra, nítorí rírìn lọ́jọ́ kejì, nígbà tí itan ṣì ń ro ènìyàn, ni ó jọ ohun tí ẹ ó bá pàdé.

Bàtà tí ẹ ó wọ̀ ní òru ìkẹyìn ni kí ẹ máa wọ̀ nínú gbogbo ìgbáradì yìí, títí yóò fi bá ẹsẹ̀ yín mu pátápátá. Kí ẹ fi ìdajì nọ́ńbà tàbí nọ́ńbà kan jù ú, kí àyè lè wà fún ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn, kí ìka ẹsẹ̀ má sì máa gbá iwájú bàtà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe máa rìn lójú títì lóru nítorí pé ẹ ń múra fún ìrìn òru. Ẹ̀mí yín ṣe iyebíye ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó bí ẹ bá ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, kí ẹ sì gun àtẹ̀gùn nínú ọgbà ilé yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn yá gágá fetí sílẹ̀ níhìn-ín. Ara líle kì í dènà àìsàn òkè gíga. Àwọn tí wọ́n lágbára jù ni wọ́n sábà máa ń yára rìn ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì padà ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ìyá àgbà kan tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wọn á dé òkè.

Aṣọ

Ọyẹ́ tí ó mú jù ní Òṣogbo kì í sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì. Lórí Kibo lóru, òtútù lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, atẹ́gùn a sì tún máa fẹ́ lé e. Ohun tí ẹ nílò ni aṣọ ní ìpele-ìpele. Èyí tí ó kan ara kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú, nítorí òwú máa ń fa òógùn mọ́ra, á sì máa tutù mọ́ ènìyàn lára. Ẹ wá irú aṣọ eré ìdárayá tí ó máa ń tètè gbẹ, tàbí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Lórí rẹ̀, súwẹ́tà tí ó nípọn. Lórí ìyẹn, jákẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n fi ìhùùhù ẹyẹ tàbí nǹkan tí ó jọ ọ́ kún inú rẹ̀, àti ní òde gbogbo rẹ̀, èyí tí atẹ́gùn àti òjò kò lè wọ̀. Ṣòkòtò náà ní láti tó ìpele mẹ́ta.

Kò pọn dandan kí ẹ ra nǹkan wọ̀nyí ní tuntun. Àwọn tí ń ta òkìrìkà ní Ọjà Ìgbóná máa ń ní jákẹ́ẹ̀tì òtútù tí ó dára gan-an, tí àwọn oníbàárà kì í sì dù, nítorí kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀ nílé; bí ẹ bá tètè bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bá yín yọ ọ́ sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá tú ìdì tuntun. Àpò ìsùn àti ọ̀pá ìtilẹ̀ sì ṣeé yá ní Moshi. Bàtà nìkan ni kí ẹ má ṣe yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ méjì, èyí tí ó fẹ́lẹ́ àti èyí ńlá tí ìka mẹ́rin máa ń wà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí bí ìka bá fara kan ara wọn ni wọ́n fi ń móoru. Fìlà tí ó bo etí, awò dúdú tí ó dára fún ojú, àti ìpara tí ń dènà oòrùn kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Dúdú tí awọ ara wa dú kò ní kí oòrùn ibi gíga má bó o, pàápàá ètè àti imú, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì ta lórí yìnyín lè ba ojú jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀.

Òru náà

Àgọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbéra ni Barafu, ní mítà 4,673. Ẹ ó ti dé ibẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ to gbogbo nǹkan yín kí ilẹ̀ tó ṣú: kí bátìrì tuntun wà nínú tọ́ọ̀ṣì, kí òmíràn wà nínú àpò, kí aṣọ tí ẹ ó wọ̀ wà létòlétò bí ẹ ó ṣe wọ̀ wọ́n. Níbi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, wíwá ìbọ̀sẹ̀ kan lásán nínú òkùnkùn lè mú ènìyàn mí hẹlẹ. Ẹ jẹun ní ìrọ̀lẹ́, bí oúnjẹ kò bá tilẹ̀ wù yín, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ ní nǹkan bí aago méje. Oorun lè má wá. Kò burú, ìsinmi náà tó, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lo oògùn oorun láti wá a, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń dín mímí kù.

Wọn á jí yín ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ mu tíì, ẹ jẹ ohun díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu omi gbígbóná sínú ìgò omi yín, kí gbogbo rẹ̀ tó lítà méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì dojú ìgò náà dé nínú àpò, nítorí láti òkè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹnu ìgò á sì ṣì ṣeé ṣí. Ọ̀pá rọ́bà tí àwọn kan fi ń fa omi láti inú àpò ẹ̀yìn máa ń dì pa kí aago méjì tó lù. Ẹ fi fóònù àti bátìrì sínú àpò aṣọ tí ó sún mọ́ ara jù lọ, torí òtútù máa ń fa agbára wọn tán láìlò wọ́n. Fún ìpanu, ohun tí ẹnu yín mọ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe ohun tí ẹ kò jẹ rí: ẹ̀pà, kúlíkúlí, dòdò Ìkirè tí ẹ dì ní ẹyọ kékeré kékeré. Ohun tí ó dùn, tí ó sì rọrùn láti jẹ, ni ara máa ń gbà nígbà tí ó bá ti kọ gbogbo oúnjẹ mìíràn.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ìrìn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gíga tí ó wà láàárín Barafu àti orí òkè pátápátá lé ní mítà 1,200, ẹ ó sì gùn ún láti ìsinsìnyí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ ó rí iná tọ́ọ̀ṣì àwọn tí wọ́n ti ṣáájú yín lókè lọ́hùn-ún. Ẹ má ṣe máa wò wọ́n. Ẹ wo gìgísẹ̀ ẹni tí ó wà níwájú yín, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e. Àwọn afinimọ̀nà á máa ké sí yín pé «pole pole», kí ẹ máa rọra. Ìwọ̀n tí ó tọ́ ni èyí tí ẹ fi lè sọ gbólóhùn kan pé láìdúró mí ní àárín rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ mọ́, ẹ ti yára jù, kódà bí ó bá dà bíi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ẹ fa èémí sínú bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ tú u síta bí ẹ bá gbé èkejì. Níbi tí ó bá ga gan-an, ẹ na orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí ó gbé ìwúwo yín dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí itan lè sinmi, kí ẹ tó gbé òmíràn.

Ìdúró kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí òógùn tí ó wà lára yín yóò tutù. Ẹ mu omi ní gbogbo ìdúró, òǹgbẹ ìbáà má gbẹ yín. Ẹ máa mi ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, ẹ máa pa ọwọ́ dé, ẹ máa ṣí i. Àsìkò ìrun àárọ̀ yóò bá yín lójú ọ̀nà. Ẹni tí yóò kírun kí ó ti sọ fún afinimọ̀nà kí wọ́n tó gbéra, kí ìdúró náà lè bọ́ sí ibi tí àpáta ti dínà atẹ́gùn, kí ó sì ti béèrè lọ́wọ́ àáfà rẹ̀ nílé bí ó ṣe lè ṣe táyámọ́mù, níwọ̀n ìgbà tí omi kò ti ní ṣeé lò.

Aago mẹ́ta sí márùn-ún ni ó le jù. Òkùnkùn náà á dà bíi pé kò ní tán, ẹ̀fọ́rí lè wà, inú lè máa rú. Ẹ̀fọ́rí díẹ̀ àti àìfẹ́jẹun wọ́pọ̀, a sì lè máa rìn lọ pẹ̀lú wọn bí wọn kò bá pọ̀ sí i. Àwọn àmì mìíràn wà tí kò ní àríyànjiyàn kankan nínú. Ẹni tí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè rìn tààrà kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ-ìka èkejì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tàbí tí kò mọ ibi tí ó wà, ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń wú. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò lè mí délẹ̀, tí ikọ́ rẹ̀ ń hó tàbí tí itọ́ rẹ̀ ń pọ́n, omi ti ń gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Méjèèjì lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ìwòsàn wọn, lójú ẹsẹ̀, nínú òkùnkùn náà, pẹ̀lú ọ́síjìn bí ó bá wà. Kò sí pé «ẹ jẹ́ ká dúró ná ká wo bí yóò ṣe rí». Ẹni tí ó ń ṣe kì í sábà mọ̀ pé ó ń ṣe òun, nítorí náà ẹ máa wo ojú ara yín, ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara yín. Bí afinimọ̀nà bá sì sọ pé kí ẹ padà, ẹ padà. Ẹ ti bá ara yín sọ ọ́ nílé kí ẹ tó kúrò, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ́ gé.

Nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí ìlà pupa kan ní ìlà-oòrùn, tí Mawenzi á sì dúdú ṣánṣán lórí rẹ̀. Stella Point, tí ó wà létí ihò Kibo, ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fẹ́ wà bí oòrùn bá yọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sáré nítorí rẹ̀. Ẹni tí oòrùn bá yọ bá ní ẹ̀gbẹ́ òkè, kí ó yíjú padà níbi tí ó bá wà, ohun kan náà ni gbogbo yín ń wò, ìmọ́lẹ̀ náà a sì tún fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ní okun láti rìn dé ibi tí ó kù. Ẹ wọ awò dúdú yín kí oòrùn tó jáde tán. Ẹni tí ó bá ti dé etí ihò ní àkókò yẹn, kí ó má ṣe wo ìlà-oòrùn nìkan: ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn yín, òjìji òkè náà fúnra rẹ̀ á tẹ́ sórí àwọ̀sánmà ní onígun mẹ́ta gígùn, sí apá ibi tí òkè Meru wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó máa ń hàn kedere tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì rí i nítorí fọ́tò ni wọ́n ń yà.

Láti Stella Point, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ni ó kù dé Uhuru Peak, tí í ṣe orí òkè pátápátá, ọ̀nà náà kò sì ga púpọ̀ mọ́. Ní ọwọ́ òsì ni ẹ ó ti rí ògiri yìnyín. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí láti ọdún 1912 sí 2007, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 yìnyín tí ó wà lórí òkè náà ni ó ti yọ́ lọ, èyí tí ó kù sì ń yọ́ síwájú sí i. Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller ni àkọsílẹ̀ pè ní ẹni àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀, ní ọdún 1889, nígbà tí yìnyín ṣì bo ibi tí ẹ ń tẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe lò ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ níbẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ ìbọ̀wọ́ láti ya fọ́tò, ẹ yà á kíá, kí ẹ tún wọ̀ ọ́.

Àbọ̀

Sísọ̀ kalẹ̀ ni ènìyàn ti ń ṣubú jù, torí ọkàn ti balẹ̀, ara sì ti rẹ̀. Ẹ so okùn bàtà yín le kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ na ọ̀pá ìtilẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì máa fi gìgísẹ̀ gúnlẹ̀ nínú eérú tí ó ti tú. Ẹ da nǹkan bo ẹnu àti imú, eruku rẹ̀ pọ̀. Ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta ẹ ó ti padà sí Barafu. Ẹ sinmi fún wákàtí kan, ẹ jẹun, kí ẹ sì tún máa lọ, nítorí ibùdó Mweka, ní nǹkan bí mítà 3,100, ni ó yẹ kí ẹ sùn. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí ti ń dà láàmú láti òwúrọ̀ á rí i pé ó ń lọ fúnra rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó kúrò ní ibùdó, ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn afinimọ̀nà, alásè àti àwọn aláàárù ní owó ìdúpẹ́. Ẹ fi í sọ́tọ̀ láti ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kiri, kí ẹ sì sọ iye tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbangba lójú gbogbo wọn. Bí jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà ní Ìgbóná kò bá ní wúlò fún yín mọ́ ní Òṣogbo, aláàárù kan wà níbẹ̀ tí yóò wọ̀ ọ́ lọ sókè lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ẹnubodè Mweka, ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé ńlá tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì dúró gba ìwé ẹ̀rí yín. Wọ́n ń fún ẹni tí ó dé Stella Point ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ó dé Uhuru Peak sì yàtọ̀ sí i.